Iyọ̀ Inú Ilẹ̀ Bàbá Aláta

Omi ni Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń gbọ́ ṣáá. Bó bá ń fọ abọ́, bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án gangan, á máa gbọ́ omi tó rọra ń ṣàn láàárín koríko, bẹ́ẹ̀ omi ọ̀hún ti gbẹ lójú ibẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé etí ló ń dùn ún, wọ́n ra oògùn etí fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó kán an sétí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe etí.

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó bú u o, torí ẹ máa fẹ́ bú u. Obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹ̀fọ́ ló fi tọ́ ọmọbìnrin méjì, lórí ilẹ̀ kan tó fara ti ògiri ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, tí wọ́n ń da iyọ̀ púpọ̀ sínú aró kó lè di aṣọ mú. Korobá ló fi ń pọn omi kànga sórí ebè kọ̀ọ̀kan. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni oko Bàbá Aláta wà, àgbàlagbà aláwàdà kan tó máa ń fọ́nnu pé kòkòrò tó bá jẹ ata òun á wá omi mu délé ìyá rẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀dá dá, kànga gbẹ kanlẹ̀. Omi kan ṣoṣo tó kù ni èyí tó ń tú jáde láti inú páìpù ilé iṣẹ́ náà, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń hó bí omi ọṣẹ. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ mú ọkọ́, ó la ojú omi wọ inú oko rẹ̀ láàárín koríko gíga. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní kí òun pín in. Ẹ̀fọ́ sì gbilẹ̀ lóòótọ́, ewé dúdú minimini, àwọn oníbàárà ń jà á gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wo ibi tí omi tó ṣẹ́ kù ń gbà lọ. Oko Bàbá Aláta ló ń lọ.

Lọ́dún kejì, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lókè, bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sí i. Irúgbìn á hù, á yọ ewé méjì, etí ewé á jó, á rọ. Bó bá fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ á ti kúrú, á ti dúdú. Ẹ̀rù bà á, ó sáré dí ojú omi náà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ata Bàbá náà kú tán. Àgbẹ̀ àtijọ́ máa ń tọ́ ilẹ̀ wò. Bàbá bu erùpẹ̀ díẹ̀ sẹ́nu, iyọ̀ ló bá níbẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ń sọ pé iṣẹ́ oko sú òun, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra odidi àpò iyọ̀ kan tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò ẹja gbígbẹ. Bàbá ò tún wádìí kankan, ó ní òun ló da iyọ̀ sóko. Ọmọ kúnlẹ̀, ó búra, ó sunkún; Bàbá ju ẹrù rẹ̀ síta. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà lára àwọn tó ń bẹ Bàbá lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ó gbé e mì.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń kọ ebè tí nǹkan kan ò hù lórí rẹ̀. Bó bá rí obìnrin náà, á ní kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ o, pé ọmọ ayé ìsinsìnyí lè fi iyọ̀ pa èèyàn. Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì sá wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà ránṣẹ́ pé ìyàwó òun bímọ, òun fẹ́ gbé e wá kí Bàbá rí i. Bàbá ní kó má dán an wò. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbọ́, ó sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bóun ò bá sọ̀rọ̀ báyìí, Bàbá á kú láìfojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọrùn òun sì ni ẹ̀bi rẹ̀ máa wà.

Ó bá a lóko, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Bàbá ní kó fi ibẹ̀ han òun. Wọ́n gòkè lọ, obìnrin náà gbẹ́ erùpẹ̀ tó fi dí ojú omi. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì rí búlúù bí aró.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá ọmọ yín. Èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún un.”

“Dí i padà,” ni Bàbá wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

“Mo ní kó o dí i. Ọmọ mi ló da iyọ̀ sí ilẹ̀ mi. Tí kì í bá ṣe òun, kí wá ni mo torí ẹ̀ lé ọmọ mi síta?”

Bàbá gba ọkọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó ń wọ́ erùpẹ̀ sórí ilẹ̀ búlúù náà, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ń wọ́ ọ lọ títí ibẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ yòókù.