Ọkọ̀ Ìrànwọ́ Tó Ń Wá Aláìnílé Kiri

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni ìjì ká òrùlé àdúgbò wa lọ ní Igbó-Ọrà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí ohun tí ìjọba ṣe fún wa nígbà náà, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rí mi lára.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó kù níta. A kì í ní ẹbí nílùú ká lọ sùn sí ilé-ìwé. Ìyá Ṣadé, opó tí ògiri wó lé ewúrẹ́ rẹ̀ lórí, kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo wọn há sí yàrá kan. Páànù ló ń wá, kó lè padà sílé kí òjò tó le.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù kan dé láti Ìbàdàn. Ó kó páànù, kúbùsù, àti mílíìkì tó ṣẹ́ kù lára ìrànwọ́ ìgbà ogun. Ọ̀gá ìjọba tó bá a wá wọ kóòtù nínú oòrùn, ayàwòrán sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó yọjú sí kíláàsì ilé-ìwé tó rò pé a sùn sí, ó bá a lófìfo.

"Àwọn tí ìjì lé nílé dà?"

"Wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹbí wọn, sà," ni mo dáhùn. Tíṣà ni mí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. "Ẹ jẹ́ ká mú yín lọ wo àwọn ilé tó wó."

"Ẹni tó bá rílé sùn kì í ṣe aláìnílé. Ẹ ní kí wọ́n wá dùbúlẹ̀ síbí, ká ya fọ́tò wọn."

Ọkùnrin kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú wa. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu! Òun ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹní. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìjì ò já ewé kan lágbàlá wọn, na gbalaja tì í, wọ́n ń kérora.

Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bẹ láyé, sà. Bí mo bá dùbúlẹ̀ síbí, mo sọ fáráyé pé ó lé mi jáde nìyẹn. Ẹ dákun, ẹ wá wo ilé mi."

"Màmá, ẹ ò níṣòro," ni ọ̀gá wí, ó sì kọ̀yìn sí i.

A jókòó síwájú ọkọ̀, tọmọdé tàgbà, kó má bàa kó páànù wa lọ. Àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó tú wa ká, wọ́n kó àwa kan lọ sí àtìmọ́lé ní Èrúwà. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀ ká padà délé, wọ́n ti pín kúbùsù àti mílíìkì fáwọn tó dùbúlẹ̀, wọ́n sì ti kó páànù padà.

Kí la jèrè? Kò sẹ́ni tí ilé rẹ̀ wó tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ṣì ń wú mi lórí. A bẹ ọ̀wẹ̀, a fi koríko bo ilé Ìyá Ṣadé. Ó ń jò títí obìnrin náà fi kú. Wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè páànù.

Fọ́tò yẹn wà ní pálọ̀ aṣojú wa di òní. Òun ló dùbúlẹ̀ síwájú, tòun ti bàtà aláwọ tó ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.