Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Tí Èéfín Rẹ̀ Funfun

Òórùn kẹrosíìnì ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi dúró, ó fa imú, ó sì fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Ìbàdàn, imú wa ò tíì gbọ́ òórùn yẹn. Ta ló ń lo kẹrosíìnì ní Staten Island, ní New York níbí? Nígbà tí a wọ ilé ìdáná, a bá bàbá arúgbó tí Màmá ń tọ́jú, tó tẹ̀ sórí síńkì. Ó ti jẹ́ kí omi kún inú rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tó fi páànù ṣe ń léfòó lójú omi, òwú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sì ń rú èéfín funfun láti inú ọkọ̀ náà. Kí ó tó kí wa, ó kọ́kọ́ pa ìwé kan tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé, ó sì tẹ́ ọwọ́ lé e.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Màmá ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kò sí ẹni tí yóò fi mí tì, torí náà ó ń mú mi dání, ẹ́jẹ́ǹsì tó gbà á síṣẹ́ ò sì mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu bàbá yẹn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òyìnbó ni bàbá náà, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí omi níbẹ̀, ìka rẹ̀ kan ò sì ní èékánná mọ́. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún láti ojú omi, yóò dákẹ́ títí fèrè náà yóò fi parí, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu. N kò fọkàn tán an. Èèyàn wo ló ń pa ìwé dé nígbàkigbà tí ọmọdé bá wọlé?

Ní Sátidé kan, bí Màmá ṣe ń wẹ̀ fún un, tí mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ṣí ìwé náà. Wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ lédè Jámánì, n kò lè kà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ya àwọn ọkọ̀ kéékèèké sí etí ojú ewé, wọ́n sì fa igi àgbélébùú sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti gbọ́ nípa ogun nílé ẹ̀kọ́. Mo mọ ohun tí àgbélébùú ń sọ. Mo yára pa á dé.

Kò pẹ́ tí bàbá náà fi wá jókòó sídìí tábìlì. Ó wo ìwé náà títí. “Ẹnì kan ti ṣí ìwé bàbá mi,” ló wí. Ó ní òun máa ń fi fọ́nrán irun kan sórí rẹ̀, irun náà ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Màmá búra pé òun kọ́. Bàbá náà ní irun kì í dìde rìn fúnra rẹ̀, òun yóò sì pe ẹ́jẹ́ǹsì.

Nínú bọ́ọ̀sì, Màmá gbé báàgì lé itan, kò bi mí ní nǹkan kan. Èmi náà wo ojú fèrèsé títí a fi délé.

Nígbà tí a padà lọ ní Sátidé kejì, bàbá náà ò tíì pe ẹ́jẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé Màmá láti yàrá dé yàrá, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọwọ́ Màmá. Nígbà tó tẹ̀ lé e dé ìdí ìkòkò tí Màmá fi ń se ọ́ọ̀tì, n kò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Bàbá, èmi ni mo ṣí i,” mo ní. “Ṣé bàbá yín ló pa àwọn èèyàn inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn?”

Màmá gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná. Bàbá náà wò mí, ó fa àga, ó jókòó.

Ó ní nígbà ogun àgbáyé kìíní, òṣìṣẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì ni bàbá òun nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tí Jámánì kọ́kọ́ kàn. Wọn ò tíì máa fi dísẹ́ẹ̀lì wa irú rẹ̀ nígbà náà, kẹrosíìnì ni. Bó bá ń rìn lójú omi, èéfín funfun a máa rú bí àsíá, àwọn ọ̀tá á rí i láti òkèèrè, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì máa wúkọ́. Síbẹ̀ ó ri ọkọ̀ ogun àwọn ọ̀tá sómi, nígbà tó yá ó ri ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú. Nígbà tó gbó, wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun níṣẹ́. Ogun parí, wọ́n fà á lé àwọn tó ṣẹ́gun lọ́wọ́, wọ́n sì tú u ká, wọ́n tà á bí irin àlòkù. Bàbá rẹ̀ bá wá sí New York. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, àwọn aládùúgbò ń ṣọ́ wọn, àwọn agbófinró wá tú ilé wọn wò. Inú ìyẹ̀fun ni ìyá rẹ̀ fi ìwé náà pamọ́ sí. Ìyá yẹn náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi irun ṣọ́ nǹkan.

Ó ṣí ojú ewé kan, ó fi ìka tí kò ní èékánná náà tọ́ka sí i fún mi. Lábẹ́ àwòrán ọkọ̀ ẹrù kan, ó ní bàbá òun kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀mí kankan tó ṣòfò. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù fa àmì ìbéèrè sí i.

“Èmi ni mo fà á,” ló wí. “Ìdí ẹ́ńjìnnì ni bàbá mi wà. Báwo ló ṣe mọ̀?”

Mo bi í bóyá ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

“Mo béèrè. Ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ.”

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Màmá, ó ní òun ti fẹ̀sùn tí kò tọ́ kàn án, kó má bínú. Màmá ní kò burú. Ó bu ọ́ọ̀tì fún un, ó fọ abọ́, a jáde. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá ní kí ẹ́jẹ́ǹsì fún òun ní ilé mìíràn tí òun yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ó ní òun ò lè fi ọkàn balẹ̀ wẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ òun bí olè. A ò rí bàbá náà mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni Màmá sì ń gbé ní àdúgbò Bronx. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ká aṣọ, mo bi í léèrè bóyá ó mọ̀, nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, pé èmi ni.

“Ta ni ì bá tún jẹ́?” ló dáhùn.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Mo fẹ́ kó ti ẹnu tìrẹ jáde.”

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá fi ru orúkọ olè, tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń retí ohùn mi. Títí dòní, bí mo bá ń fura sí ẹnì kan níbi iṣẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, mo ń fún un láyè. Àwọn kan a sọ ọ́ fúnra wọn. Àwọn mìíràn a dìde lọ, èmi náà, bíi bàbá yẹn, a sì jókòó ti ìbéèrè tí n kò ní mọ ìdáhùn rẹ̀ láé.