Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Mú Wa Lọ sí Abẹ́òkúta

Tí èèyàn bá ṣẹ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kì í jà. Á kàn ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́," á sì máa gé ilá rẹ̀ lọ. Òun ló tọ́ èmi àti àbúrò mi dàgbà ní Ìdímù lẹ́yìn ikú ìyá wa. Òun fúnra rẹ̀ ò bímọ, torí ẹ̀ sì ni ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe lé e kúrò nílé ní Abẹ́òkúta.

Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, ó ní ká gbé òun lọ wo Òkúta Olúmọ. Tọmọtọmọ la lọ. A gun òkúta, a ya fọ́tò. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká yà kí àwọn èèyàn wa kan."

Arúgbó obìnrin kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tá a yà sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ó wá ń nawọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ mi rèé, Mà. Ọmọ mi rèé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi nìyí."

Arúgbó náà tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ ni? O ti dárí jì mí, àbí?"

"Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, Mà. Ẹni tó kó o ò ní gbàgbé."

Wọ́n gbé omi wá, kò fẹnu kàn án. Nígbà tá a fi máa wọkọ̀, arúgbó náà ti ń sunkún.

Àánú ṣe mí. Mo ní, "Mọ́mì, ó ti tó báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti darúgbó."

"Èmi náà rí i," ó ń jẹ gúgúrú. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dúró di Àjíǹde mọ́. Kérésì la máa padà wá."