Kò-Tíì-Yá, Ẹni Tó Kọ́ Ẹ̀rọ ní Àìgbọràn

Ní ọjọ́ tí àwọn àlejò wá wo ilé iṣẹ́ náà, ọ̀gá àgbà wọ kóòtù tuntun, ó dúró níwájú ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ bí ògiri, ó sì na ìka sókè. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń wọn oògùn ọmọdé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá ti fọwọ́ ara rẹ̀ tún ìlà kan ṣe nínú rẹ̀ láàárọ̀, ó sì fẹ́ kí àlejò rí bí iṣẹ́ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ òun dé ilé ìwòsàn kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ gàdàgbà jáde: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kò tíì yá. Ẹ yí ìwọ̀n oògùn padà, ẹ ò sì dán an wò."

Àwọn àlejò fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá yíjú sẹ́yìn.

"Ta ló kọ ìsọkúsọ yìí?"

Bàbá kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú dìde létí fèrèsé. "Èmi ni, sà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á lẹ́nu mọ́."

"Mo dán tèmi wò kí n tó gbé e síbẹ̀, ọ̀gá. Tiyín ló kù."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, wo ilẹ̀ bóyá á lanu gbé òun mì. Ilẹ̀ kọ̀. Ó jọ pé bùrọ̀dá rẹ̀ ti lọ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Kò-Tíì-Yá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe bàbá yìí, níṣojú rẹ̀ pàápàá. Wọ́n ní irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ń kó ohun tí olúkúlùkù bá kọ jọ, tó ń tò ó, tó sì ń dì í ní odidi ètò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, bí iṣẹ́ bá kọsẹ̀, nọ́ńbà pupa kan ló ń jù sójú èèyàn, á sì dákẹ́. Èyí bí Kò-Tíì-Yá nínú. "Ẹni tó bá dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà," ó ní, "kó kí i, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un." Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kọ àfikún tirẹ̀ mọ́ ọn, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ìkọ́ mọ́ ògiri. Ó kọ àfikún tó kọ́ ọ ní ìkíni. Ó kọ òmíràn tó kọ́ ọ ní àlàyé. Ọwọ́ rẹ̀ bá gbóná.

Ọ̀kan wà nínú àfikún rẹ̀ tó ń lé ìlà tó bá gùn jù padà. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe mọ èyí tó gùn jù. Ó ní ìlà tí èèyàn kò bá lè kà sókè láì mí, kò yẹ kó wà láyé. Oníṣirò ilé iṣẹ́ kò gbà; ó gbé ìlà kan tirẹ̀ fún un. Kò-Tíì-Yá kà á, ó kà á, ojú rẹ̀ pọ́n, ó di àga mú. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó ní, "Ìwọ náà rí i. Ìpànìyàn nìyẹn."

Agídí yìí máa ń bá a délé. Nínú irinṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ kan kì í bẹ̀rẹ̀ tí èyí tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ kò bá tíì parí, ó sì gbà pé bó ṣe yẹ kí ayé rí nìyẹn. Ó yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láti kùn ún lọ́dà. Ó ní òun ò ní kùn ún àfi bí káfíńtà bá ti fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i. Káfíńtà ní òun ò ní fi kọ́kọ́rọ́ sí i àfi bí ọ̀dà bá ti gbẹ. Balùwẹ̀ wà ní gbayawu. Àbúrò rẹ̀ wá kí wọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, ó sá padà.

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ ń pariwo nínú omi, "ilẹ̀kùn dà?"

"Ó ń dúró de kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó ń dúró de ilẹ̀kùn."

Ìyàwó jáde, ó já aṣọ fèrèsé pálọ̀, ó fi ta ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ gba àfikún tuntun. Bí iṣẹ́ méjì bá ń dúró de ara wọn, ohun tó ń kọ síta ni: "Ẹ ti há. Ẹ pe ìyàwó mi." Nọ́ńbà obìnrin náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń pè é.

Àbúrò yìí ló ń tọrọ àforíjì kiri nítorí rẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ gbà fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni àṣìwọ̀n oògùn ń pa ọmọ."

Àìsàn ránpẹ́ ló mú Kò-Tíì-Yá lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá àgbà wá dúró ti tábìlì àbúrò.

"Àǹtí, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ̀gbọ́n wa sí afẹ́fẹ́ rere. Àfikún wọn tó ń béèrè ìdánwò yẹn, ẹ bá mi yọ ọ́. Ilé ìwòsàn tuntun kan ń dúró dè wá."

"Ṣé a ti dán iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà wò, sà?"

"A máa dán an wò tó bá débẹ̀."

"Lára ọmọ ta ni?"

Ojú ọ̀gá le. "Ẹ yọ ọ́ lónìí, àbí kí ẹ kó ẹrù yín."

Obìnrin náà kò ní iṣẹ́ mìíràn, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá èyí tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́ kiri. Ó dìde, ó ti àga tirẹ̀ síwájú ọ̀gá.

"Ẹ jókòó, sà. Ìlà kan ṣoṣo ni. Ẹ fọwọ́ ara yín yọ ọ́. Irinṣẹ́ yìí máa kọ orúkọ ẹni tó yọ ọ́ síbẹ̀, kí àwọn ilé ìwòsàn lè mọ ẹni tí wọ́n máa bi."

Ọ̀gá wo àga. Ó wo bọ́tìnnì. Ó nu òógùn ojú.

"Irú ìdílé wo tiẹ̀ ni tiyín yìí?"

"Ọmú kan náà la mu, sà."

Ọ̀gá kò jókòó. Wọ́n dán iṣẹ́ náà wò kó tó lọ, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹrù.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà fi iṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó ṣẹ́gun. Irinṣẹ́ dá a lóhùn látinú àfikún tí bùrọ̀dá rẹ̀ ti kọ dè é: "O kú iṣẹ́, àbúrò. Kò tíì yá. O gbàgbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan."

Ó fò dìde. "Bùrọ̀dá! Èmi? Èmi tí mo torí yín fẹ́ pàdánù iṣẹ́ lánàá?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì tán, omi náà kò tán. Ó nu ojú, ó tún iṣẹ́ rẹ̀ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní pẹ̀lẹ́. Lóòótọ́ ni. Ó gbàgbé ọmọ jòjòló.

"Ó dáa," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sójú kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yin lẹ jàre."

Nígbà ayé bùrọ̀dá rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.