Abọ́ Ògì Ìyá Àgbà Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé nínú apartment ní Houston, kí bàbá mi tó ra ilé sí Sugar Land, ìyá àgbà mi wá láti Nàìjíríà láti bá wa tọ́jú ọmọ tí màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ti dùn tó. Àmọ́ kò pé oṣù kan tí inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á nà sórí àga, wọ́n á máa kérora. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí nǹkan kan. Bàbá mi ní kí wọ́n kúkú máa padà lọ sílé kí ọ̀rọ̀ náà tó di wàhálà. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, oúnjẹ wọn lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ooru Houston mú wọn débi pé omi yìnyín ni wọ́n fi ń lé gbogbo òkèlè. Láàárọ̀, wọ́n á da wàrà sínú ògì títí yóò fi funfun báláú, wọ́n á wá fi ẹja díndín mu ún.

Ìyá àgbà kan tó wá láti Íńdíà ń gbé ní ilé kejì sí wa. Èmi àti ọmọ-ọmọ wọn jọ wà ní kíláàsì kan. Ọmọ náà á sọ ọ̀rọ̀ wọn di Òyìnbó fún mi, èmi á wá sọ ọ́ di Yorùbá, Yorùbá tèmi tó ń tiro. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá Íńdíà yìí mú ọmọ-ọmọ wọn dání wá kí ọmọ tuntun. Bí wọ́n ṣe rí wàrà àti ẹja níwájú ìyá àgbà mi, wọ́n fọwọ́ bo abọ́ ògì náà. Wọ́n ní nínú Ayurveda, ìyẹn ìmọ̀ ìtọ́jú ara àwọn baba ńlá wọn, wàrà àti ẹja kì í jọ gbé inú kan náà, pé ìwà wọn ò bára mu. Wọ́n ní omi tútù náà ń pa iná tó ń bá wa jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ikùn.

Yéè! Ẹ bá wo ojú ìyá àgbà mi. Ta ló ń lé àgbàlagbà nídìí oúnjẹ? Wọ́n fa abọ́ wọn mọ́ra títí àlejò fi lọ.

Ẹ̀rù tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí bàbá mi fẹ́ rà fún wọn ń bà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé omi yìnyín pamọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá tó bí àwọn náà kì í jẹ́ kí ọmọ fẹnu kan omi títí yóò fi jẹun tán, pé fíríìjì Amẹ́ríkà ló mú àwọn gbàgbé. "Ohun tí àgbà tiwa sọ, tí àgbà tiwọn náà sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbésọnù."

Bí wọ́n ṣe ya wàrà kúrò lára ẹja nìyẹn o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń mu. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹun yó, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìyá Íńdíà: ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi atalẹ̀ sè pọ̀. Inú náà wálẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wàrà àti ẹja ló ń jà níbẹ̀, tàbí dídá nìkan jẹun lójoojúmọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún méjì ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa.

Ayé ti yí padà. Inú fóònù lẹ ti ń béèrè ohun tó yẹ ní jíjẹ báyìí, kò sì sí aládùúgbò tó jẹ́ wọlé fọwọ́ bo abọ́ ẹlòmíì. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, tí mo ń jẹun lọ́wọ́, tí mo nawọ́ sí omi yìnyín. Àbíkẹ́yìn mi, tí Yorùbá rẹ̀ ò ju ìkíni àti ohun tí mo máa ń sọ fún un nídìí oúnjẹ nígbà tó kéré lọ, rọra gba ife náà lọ́wọ́ mi.

"Mummy, ẹ jẹun tán ná."