Ọjọ́ Tí Gómìnà Àgbà Wá Kí Ìyá Ianthe

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1916 ni wọ́n bí Ianthe Quashie. Mo yẹ ìwé ìrìbọmi ìjọ wò, ọjọ́ náà bá ohun tí ìyá ń sọ mu. Ní erékùṣù wa ní òkun Kàríbíà, ẹni tó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, Gómìnà Àgbà tó ń ṣojú Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò wá kí i nílé.

Ìyá Ianthe fi ogójì ọdún gé ìrèké, ó sì sin gbogbo ọmọ tó bí. Alston ló kù fún un, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tọ́ dàgbà. Alston ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ẹ̀wọ̀n gbére. Gómìnà Àgbà ló ń buwọ́ lu ìwé ìdáríjì níbí. Ìyá ti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò tíì lè kú, àfi kí òun bá Gómìnà sọ ọ́ lójúkojú.

Káptéènì tó ń tẹ̀ lé Gómìnà ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

"Ìyá, ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín, kí ẹ gba káàdì. Ẹ má tọrọ nǹkan kan o."

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni mo tọrọ rí tí ẹ fún mi?"

Verlyn, ọmọ àbúrò rẹ̀, ń bó gbẹ̀rẹ̀fútù sísun lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí eyín yín sinmi lónìí."

"Eyín wo? Méjì péré ló kù."

Gómìnà dé, ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fún ìyá ní káàdì tí àwòrán Ọbabìnrin wà lára rẹ̀. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jù ú sílẹ̀.

"Ẹ dá Alston sílẹ̀ fún mi."

Oníkámẹ́rà tó bá Gómìnà wá gbé kámẹ́rà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ohun tí ìgbìmọ̀ ìdáríjì bá ní kí n buwọ́ lù nìkan ni mo lè buwọ́ lù."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin rò?"

"Wọn kì í bi mí léèrè ohun tí mo rò, Ìyá."

Ìyá fa ìwé kan tó ti pọ́n yọ láti inú Bíbélì rẹ̀, ìwé ìdájọ́ Alston. Orúkọ Ọbabìnrin ni wọ́n fi ń peni lẹ́jọ́ nílùú wa, òun ló sì wà lókè ìwé náà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì lórí itan rẹ̀.

"Obìnrin yìí ló pe ọmọ mi lẹ́jọ́. Òun ò sí ńlé, ẹ̀yin tó rán wá ò lè sọ̀rọ̀. Ta ni kí n wá bẹ̀?"