Pẹlẹbẹ Bàbà àti Òrí Ọwọ́ Mi

Olóríkunkun ni mí, màmá mi kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa, Òkè-Ìlá. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, èmi nìkan ni obìnrin ní kíláàsì kẹ́mísírì ilé ìwé wa ní Adó. Tíṣà wa sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé bí iṣẹ́ ọwọ́ mi kò bá yọrí tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, kí n kó ìwé mi lọ sí kíláàsì ìránṣọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó sọ. N óo fọ pẹlẹbẹ bàbà kan mọ́ tónítóní, n óo ki ìdajì rẹ̀ bọ sípíríìtì tí a po ọ̀rá àbẹ́là mọ́. Àwọn horo ọ̀rá tójú kò lè rí yóò di bàbà náà mú, wọn óo tò ti ara wọn gbágbáágbá fúnra wọn, ìpele kan péré. Omi tí a bá kán síbẹ̀ yóò ká jọ. Ní apá kejì, yóò tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá méjèèjì ni omi ń ká jọ sí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ bàbà yẹn, inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọyẹ́ ń jà, mo ń fi òrí pa ọwọ́ bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, ni ọwọ́ mi bá dúró. Èmi náà ni mo ń fi òrí bo ohun tí mo fọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo fi eérú fọ ọwọ́, n kò sì para. Ọwọ́ mi funfun, ó sán. Màmá mi dí ẹnu ọ̀nà.

“Wọ́n á ní kò sí òrí lúlé mi.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí, mà.”

Ní kíláàsì, mo tún bàbà náà fọ̀, mo ki ìdajì rẹ̀ bọ sípíríìtì; tíṣà nawọ́ láti gbà á. Ọmọ kì í fi nǹkan du àgbà, mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fi sílẹ̀. Mo kán omi sí i: ó tàn níhìn-ín, ó ká jọ lọ́hùn-ún. Mo nù ún gbẹ, mo ní kí tíṣà wá fi àtàǹpàkò tẹ apá tó mọ́. Nígbà tí mo tún kán omi, ó sá fún ojú ibi tí wọ́n tẹ̀.

Wọ́n wo ọwọ́ wọn tó ń dán fún ìpara.

“Ọmọbìnrin tí mo lé lọ́dún tó kọjá lórí iṣẹ́ yìí,” ni wọ́n wí, “ṣé kíláàsì ìránṣọ ló ṣì wà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Lọ pè é wá.”